Wolé-wolé, Kànga àti Sọ́káwéè: Ta Ló Ń Ṣọ́ Omi Inú Ilé Wa?

Ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe omi òkun, kì í ṣe omi odò. Omi inú ilé ni: èyí tó ń wọlé, àti èyí tó ń jáde lọ lẹ́yìn tí a bá ti fọ abọ́, tí a ti wẹ̀, tí a ti lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun tó fà á rèé. Mo lọ kí àbúrò màmá mi ní Àràmọkọ nígbà ọdún Àjíǹde. Mo bá plọ́ńbà kan níbẹ̀ tó ń bá wọn ṣe ilé ìwẹ̀ tuntun. Mo bi í pé, "Ọ̀gá, níbo ni sọ́káwéè máa wà?" Ó na ọwọ́ sí igun ọgbà. Mo wo igun yẹn, mo wo òdìkejì fẹ́ǹsì, mo rí kànga aládùúgbò. Pátákó kan ni wọ́n fi dé e. Mo ní, "Ṣé kò súnmọ́ kànga yẹn jù?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, ibi tí ààyè bá wà là ń gbẹ́ ẹ sí."

Mo gbé gbólóhùn yẹn padà sí Èkó. Ṣé kò sí òfin ni? Òfin wà. Ó tilẹ̀ ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ibi tí òfin náà ti wá, àti ibi tó ti sọnù kó tó dé ẹ̀yìnkùlé màmá mi, ni ìtàn tòní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé, tàbí ká pè é ní ulé bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pè é. Àwọn agbo-ilé ńlá àtijọ́ àti ààfin ọba ní ilẹ̀ Yorùbá ní àgbàlá láàárín, tí òrùlé yí i ká, tó dà sí inú. Ẹni tó bá ti rí àwòrán òpó gbígbẹ́ tí Àgbọ́nbíọ̀fẹ́ ará Ẹ̀fọ̀n gbẹ́ sí ààfin Alààyè, òpó tó gbé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ dúró ni. Bí òjò bá rọ̀, omi á dà láti òrùlé sínú ìkòkò tí wọ́n gbé sílẹ̀. Èyí tó bá kún jù á gba ojú àgbàrá lábẹ́ ògiri jáde síta. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tilẹ̀ fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá kí omi má baà sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Frank Willett àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ hú irú rẹ̀ jáde ní Ìta Yemòó láti 1957. Ilé amọ̀ ni ilé nígbà náà. Bí ojú àgbàrá bá dí, omi á jẹ ìdí ògiri, ilé á wó. Nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ọlọ́pàá kó tó mọ̀ pé ọ̀nà omi kì í ṣe ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí. Ní ti ìgbẹ́, ẹ̀yìn ilé lọ́hùn-ún ni, nínú igbó. Ilẹ̀ pọ̀, èèyàn kéré.

Ìgbà tí èèyàn pọ̀ ju ilẹ̀ lọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ìlú Lọ́ńdọ̀nù sì jẹ ìyà rẹ̀ dáadáa. Ní 1775, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe aago, Alexander Cumming, gba ìwé àṣẹ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi tí páìpù rẹ̀ lọ́ bí ìwo àgbò. Ẹ wo abẹ́ síǹkì yín lónìí, ẹ ó rí ìlọ́po páìpù yẹn. Omi díẹ̀ máa ń dúró sínú rẹ̀, òun ló sì ń dí afẹ́fẹ́ inú ihò ìdọ̀tí lọ́wọ́ kó má wọlé. Bí ilé ìwẹ̀ yín bá ń rùn lẹ́yìn tí ẹ ti rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi yẹn ló gbẹ. Ẹ da ife omi kan sí i kí ẹ tó pe plọ́ńbà. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ìyẹn ṣe fún yín o.

Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ló ń pa èèyàn. Ní 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì pa èèyàn tó lé ní 600 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń fa omi. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni gbogbo rẹ̀ forí tì sí, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Apá tí wọ́n máa ń sọ nílé ìwé nìyẹn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wá hú ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Ihò ìdọ̀tí ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà, àlàfo àárín wọn kò tó mítà kan. Bíríkì ihò náà ti jẹrà. Ọmọ ọwọ́ kan nínú ilé yẹn ti ń ṣu lómi-lómi kí àjàkálẹ̀ tó bẹ́, inú ihò yẹn sì ni ìyá rẹ̀ ń da omi tó fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀ sí. Omi ọ̀hún mọ́ lójú, kódà àwọn kan fẹ́ràn adùn rẹ̀ ju ti kànga mìíràn lọ.

Ẹ rántí fẹ́ǹsì tó wà ní Àràmọkọ.

Báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe wá dé ọ̀dọ̀ tiwa? Ẹ̀fọn ló gbé e wá. Ní 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà máa ń gbà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, William MacGregor, tó jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó, ó sì gbé ogun ti omi tó dúró sójú kan. Láti irú ogun bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a wá ń pè ní wolé-wolé ti jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. Ẹ bi àwọn ìyá yín àgbà léèrè. Wolé-wolé á ṣí ìkòkò omi, á tẹjú mọ́ ọn bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Bó bá rí i, ó lè da omi nù, ó lè kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ fún baálé ilé. Ẹ̀rù wọn ń ba àgbà, ó ń ba ọmọdé. Bí wọ́n bá yọ lójú ọ̀nà báyìí, gbogbo ìdílé á ti mú ìgbálẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ka wolé-wolé sí aninilára, wọn kò sì jẹ̀bi, torí pé ẹni tí kò ní nǹkan kan ni owó ìtanràn sábà máa ń dùn jù. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ ká fi sọ́kàn: fún ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, wolé-wolé nìkan ni òfin omi tí wọ́n fi ojú rí. Òfin Ìlú Ńlá tí Lugard ṣe ní 1917 pín àwọn ìlú sí ipò mẹ́ta, Èkó nìkan ló sì wà ní ipò kìíní ní gbogbo Nàìjíríà. Owó páìpù, ẹ̀rọ omi àti onímọ̀ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Àràmọkọ wà lábẹ́ ọba wọn àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìyàwó ilé ló ń pọn omi láti odò gun òkè. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé Ẹ̀fọ̀n á mọ irú òkè tí mò ń sọ.

Ẹ má sì rò pé ńṣe ni wọ́n fi ẹ̀rọ omi ta Èkó lọ́rẹ. Nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ omi, kí aráàlú sì san owó omi, àwọn ará Èkó yarí. Ọdún 1908 ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti bá ìjọba fà á. Kànga wà lágbo-ilé, òjò ń rọ̀, ta ló ní kí àwọn sanwó omi tó jẹ́ pé òyìnbó ló máa kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀? Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ omi Ìjù. Nígbà tí owó omi wá dé tán ní 1916, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀, Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ pàápàá kò sì gbè sẹ́yìn ìjọba. Ojú tèmi ni pé aráàlú jàre lórí owó, wọn kò jàre lórí kànga. Kànga inú Èkó ìgbà náà, láàárín ṣáláńgá, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn.

Ó dáa, páìpù ti dé. Ṣé páìpù fúnra rẹ̀ wá mọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká fò dé Amẹ́ríkà díẹ̀. Ní 1933, ìlú Chicago ṣe àfihàn ńlá kan tí gbogbo ayé wá wò. Hótẹ́ẹ̀lì méjì tó dojú kọra, Congress àti Auditorium, kún dẹ́múdẹ́mú. Páìpù inú wọn ti gbó, wọ́n sì ti tún un ṣe, tún un dì títí omi mímu àti omi ìdọ̀tí fi rí ibi pàdé. Àwọn àlejò mu omi, wọ́n padà sílé wọn ní oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 1,400 èèyàn tó kó o, 98 ló kú. Hótẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni o, kì í ṣe ilé onírẹ̀lẹ̀ kankan. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí páìpù méjì ti pàdé ti di ohun tí àwọn tó ń ṣe òfin plọ́ńbà kò fi ṣeré mọ́: ẹnu ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọnú omi tó wà nínú báàsìn, àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ.

Kí ló fà á tí omi fi ń padà sẹ́yìn? Ẹ wo àdúgbò yín. Ìjọba tan omi fún wákàtí méjì, wọ́n pa á. Nígbà tí omi ń ṣàn, ó ń ti ara rẹ̀ síta. Bí páìpù bá tilẹ̀ lu, omi mímọ́ ló ń jò jáde. Nígbà tí wọ́n bá pa á, inú páìpù á ṣófo, ihò kan náà tó ń jò jáde á wá máa fa ohun tó bá wà níta wọlé. Páìpù tiwa sì rèé, inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbà kọjá. Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó so pọ́ọ̀ǹpù tààrà mọ́ páìpù ìjọba kí omi lè tètè dé táńkì tiwọn. Bí pọ́ọ̀ǹpù yẹn bá ti ń fà, ó ń fa omi, ó ń fa gọ́tà, ó sì ń fa ti aládùúgbò mọ́ ọn. Mo ti gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Táífọ́ọ̀dù mú mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, ẹ̀wà ọlọ́jà ìsàlẹ̀ àdúgbò ni mo sì ń dá lẹ́bi.

Ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, títí dé ìgbà tí Èkìtì fi dá dúró ní October 1996, ìjọba kọ́ ìdídò, wọ́n ri páìpù. Ìdídò Ero ní Ìkùn-Èkìtì wà lára iṣẹ́ àwọn ọdún 1980. Páìpù gbó, iná mànàmáná kò dúró, owó tán, ẹ̀rọ gbẹ. Ìtàn yẹn ò nílò àlàyé púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó àyálò láti tún omi ìgboro ṣe, Èkìtì sì wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó jẹ nínú rẹ̀, pẹ̀lú Bauchi àti Rivers.

Láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ gbẹ sí ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe, olúkúlùkù di ilé iṣẹ́ omi ara rẹ̀. Nǹkan mìíràn sì tì í lẹ́yìn, sòbìà ni. Ní 1988, nígbà tí wọ́n kà á káàkiri orílẹ̀-èdè, ó lé ní 650,000 èèyàn tí sòbìà ń yọ lára wọn. Inú adágún àti odò tí èèyàn ń wọ̀ láti pọn omi ni wọ́n ti ń kó o. Nàìjíríà jà, Jimmy Carter àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon jà, wọ́n pín aṣọ asẹ́, wọ́n gbẹ́ kànga tó ní ìdérí àti bọ́hóòlù. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ìṣẹ́gun gidi ni. Àmọ́ mo rò pé ó fi èrò kan sí wa lórí: pé bọ́hóòlù àti omi mímọ́ jẹ́ ohun kan náà. Sòbìà kì í gba inú ilẹ̀ wọ bọ́hóòlù. Kòkòrò onígbáméjì àti ti táífọ́ọ̀dù lè gbà á. Ní 2021 nìkan, onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 3,500 ní Nàìjíríà.

Wàyí o, òfin tí mo ní ó wà. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé National Building Code jáde, àkójọ ìlànà ìkọ́lé, ọ̀rọ̀ plọ́ńbà sì wà nínú rẹ̀. Ní 2007, SON gbé ìlànà omi mímu jáde, nọ́ńbà rẹ̀ ni NIS 554: kò gbọdọ̀ sí ẹyọ E. coli kan ṣoṣo nínú 100 mílílítà omi, òjé kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Kòkòrò E. coli yìí, inú ìfun ló ń gbé. Bó bá wà nínú omi, ìgbẹ́ ti débẹ̀ nìyẹn. Ìwé dára. Ṣùgbọ́n ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ nínú ẹjọ́ láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ni àkóso ìlànà kíkọ́ ìlú, kì í ṣe Àbújá. Nítorí náà, kí ìwé 2006 tó lè mú ẹnikẹ́ni, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tirẹ̀, kó sì ní òṣìṣẹ́ tó máa lọ wo ihò kí wọ́n tó fi kọnkéré dé e. Wolé-wolé tó ń yọjú sí ìkòkò nígbà kan kò yọjú sí ihò sọ́káwéè.

Ìṣirò kékeré kan rèé, ẹ yọ fóònù yín. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sábà máa ń tẹ̀lé ni pé kí mítà 30 ó wà láàárín ihò ìgbẹ́ àti ibi tí a ti ń fa omi. Pulọ́ọ̀tì wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120, ìyẹn bíi mítà 18 ní 36. Ó ṣeé ṣe lórí odidi pulọ́ọ̀tì kan, bí kànga bá wà níwájú, tí sọ́káwéè sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra odidi pulọ́ọ̀tì mọ́? Ìdajì là ń rà. Ìdajì tó jẹ́ 60 ní 60, láti igun dé igun, kò ju mítà 26 lọ. Bẹ́ẹ̀ a ò tíì ka ti aládùúgbò. Bí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ bá gbẹ́ kànga rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ìwọ náà sì gbẹ́ sọ́káwéè sí ẹ̀yìn, ẹ̀yin méjèèjì ti tẹ̀lé ìlànà lórí ilẹ̀ yín, ẹ sì ti pàdé lábẹ́ fẹ́ǹsì. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé òfin tó ń wo ilé kọ̀ọ̀kan nìkan kò lè tó. Àdúgbò ló yẹ kó máa wò.

Ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Èkìtì tún ní tirẹ̀. Òkúta ni, pàápàá òkè Ẹ̀fọ̀n, òkúta funfun líle tó sán káàkiri. Inú sísán yẹn ni omi ń gbà. Òun ló bí ìṣun Ìkógòsì, tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tútù. Òun náà ló fà á tí ẹlòmíràn fi ń gbẹ́ bọ́hóòlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan omi. Yanrìn máa ń sẹ́ omi díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ asẹ́. Òkúta tó sán kì í sẹ́ nǹkan kan, bí páìpù ló rí. Níbi tó bá ti sán láti ìdí sọ́káwéè dé ìdí kànga, mítà 30 pàápàá lè má tó.

Gbogbo èyí ni mo lọ kà sí màmá létí nígbà tí mo padà dé Àràmọkọ. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi, wá ká jọ wọ̀n ọ́n." Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti igun tí ọ̀gá plọ́ńbà nà sí títí dé fẹ́ǹsì, mo sì yọjú wo ìyókù lódì kejì. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá. Mo wọ̀n ọ́n láti iwájú ilé, lẹ́bàá géètì, ó jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Màmá ní òun kò fẹ́ kí ihò ìgbẹ́ wà níwájú ilé òun, kí ni àlejò máa sọ? Ọ̀gá plọ́ńbà ní páìpù máa gùn, owó máa lé. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, màmá bọ́ síta, wọ́n kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ìyá àgbàlagbà kan ló jáde, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó ń fa omi lọ́wọ́ láti inú kànga tí mò ń sọ. Màmá kí i, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé. Ìyá náà ní àlàáfíà ni, àfi ọmọ yìí tí inú ń ṣe látàná.

Màmá padà wọlé, wọ́n pe ọ̀gá. Wọ́n ní kó gbẹ́ ẹ síwájú.